Èsì wa fún Bàbá tó ní ayédèrú ni ráútà tí a tà fún wọn

Bàbá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. A rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa. Ẹ ní ayédèrú ni ráútà oní-síìmù tí ẹ rà, pé ẹ ṣe port forwarding (kí ráútà máa darí ẹni tó bá ti ìta wá sí ọ̀dọ̀ kámẹ́rà yín) bí ìwé inú páálí ṣe wí, síbẹ̀ bí ẹ bá ti jáde nílé, ẹ kì í rí kámẹ́rà yín lórí fóònù mọ́. Ẹ tún ní ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ṣiṣẹ́.

Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó sọ ọ́ láìbéèrè irú íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ̀bi wa nìyẹn, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ráútà yẹn kì í ṣe ayédèrú. Àwòrán méjì tí ẹ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín ló gbà á sílẹ̀.

Nínú àkọ́kọ́, ẹ ní kí ráútà darí ẹni tó bá kan port 8000, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ 8000, sí àdírẹ́sì inú ilé 192.168.1.5. Nínú ìkejì, tí ẹ yà lójú tẹlifíṣọ̀n, 192.168.1.7 ni DVR yín, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà pamọ́, ń jẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé iná lọ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ so ó. Nígbà tí iná dé, ráútà tún nọ́ńbà pín, nǹkan mìíràn nínú ilé sì ti gba 5 kí DVR tó jí. Ẹnu ọ̀nà onílé míì ni ráútà wá ń mú àlejò yín lọ. Ẹ wọ abẹ́ DHCP, ibi tí ráútà ti ń pín nọ́ńbà, kí ẹ so nọ́ńbà kan mọ́ MAC DVR náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn, kò ní sá kiri mọ́. Níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú bíi tiwa yìí, èyí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe.

Ká ní ìyẹn nìkan ni, ì bá ti tán. Èyí tó le wà lókè àwòrán àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn àdírẹ́sì tí ráútà ń jẹ́ níta: 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2012 ni wọ́n ya nọ́ńbà 100.64 dé 100.127 sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4, irú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń sọ yìí, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kò kárí mọ́. CGNAT ni orúkọ ètò náà. Ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín gbayawu, ṣùgbọ́n géètì agboolé ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ wa. Bí ẹ ra ráútà tó wọ́n ju èyí lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ibi kan náà lẹ máa bá a. Ẹ fi Wi-Fi ilé ṣí ìkànnì tó ń fi àdírẹ́sì IP ẹni hàn. Bí kò bá bá ti WAN mu, ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú port kankan.

Ẹ lè ní kí ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù náà ta àdírẹ́sì tiyín gan-an fún yín, bí wọ́n bá ń tà á. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ tan P2P lórí DVR, kí ẹ fi áàpù rẹ̀ ya QR tó wà lójú rẹ̀. DVR á máa fúnra rẹ̀ jáde lọ pàdé fóònù yín, kò ní sí pé ẹnìkan ń ti ìta wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo ṣọ́ọ̀bù yìí láti ilé. Ó tiẹ̀ sàn bẹ́ẹ̀: lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai fi pásíwọ́ọ̀dù tó bá kámẹ́rà àti DVR wá láti ilé-iṣẹ́ wọlé sí wọn káàkiri ayé. Ẹ jọ̀ọ́, pásíwọ́ọ̀dù yín hàn kedere nínú àwòrán kejì yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbí, kí ẹ sì yí i padà lónìí.

A ti dá ₦5,000 tí ẹ san fún ìtọ́sọ́nà padà sí àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dá ráútà padà, ẹ gbé e wá pẹ̀lú páálí rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbìyànjú P2P, ẹ jókòó ti DVR lálẹ́ Sátidé kí ẹ pe nọ́ńbà ara rìsíìtì. Èmi fúnra mi ni màá gbé e.