Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun

Lọ́dọọdún, bí Lagos City Marathon bá ti kọjá báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba orí WhatsApp àwa tí a jọ ń sáré. "Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí." "Imú mi ti dí." "Láti ọjọ́ Sátidé ni inú ti ń run mí." Kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní ibà ni, kí wọ́n lọ ra oògùn ibà. Ẹlòmíì á dárúkọ Flagyl. Àwọn ará ilé tí kì í sáré á sì fi tiwọn kún un pé ṣebí àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀, pé eré àsápajúdé yìí ló ń kó àìsàn bá wa.

Èmi ò gbà. Ohun tí mo gbà ni pé ebi ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Mi ò tíì sọ ti ebi àìrówó o, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ebi tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ń pa ara wa ni mò ń wí. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún kìlómítà 42 á tún máa gbààwẹ̀ di ọ̀sán nítorí pé ó fẹ́ kí ikùn òun wọlé. Kò ní jẹ ẹ̀bà, kò ní jẹ iyán, ìrẹsì ti di ọ̀tá rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, á sá kìlómítà 25 lórí omi lásán, á délé, á mu tíì tí kò ní ṣúgà, á gbé fọ́tò sórí Instagram. Àwọn èèyàn á máa kí i kú iṣẹ́. Ẹ̀rù ìlera rẹ̀ ló máa ń bà mí.

Ọ̀rọ̀ pé eré ń fa ọ̀fìnkìn yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1982, ní Cape Town, àwọn olùwádìí tọpa 150 èèyàn tó sá eré Two Oceans, tó jẹ́ kìlómítà 56, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò sáré. Lẹ́yìn ìdíje náà, nínú ọgọ́rùn-ún sárésáré, 33 ló ní ọ̀fìnkìn tàbí ọ̀fun dídùn. Nínú àwọn tí kò sáré, 15 péré ni. Àwọn tó yára jù ló sì ṣe jù. Nígbà tó di 1987, olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Nieman bi àwọn tó sá marathon ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, léèrè, ó sì tún bi àwọn tó ti múra bíi tiwọn ṣùgbọ́n tí wọn ò sá a mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, 12.9% àwọn tó sá a ló ṣàìsàn, 2.2% péré sì ni nínú àwọn tí kò sá a. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ìlẹ̀kùn ara máa ń ṣí sílẹ̀ fún àrùn fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn eré ọ̀nà jíjìn, torí pé bí èèyàn bá sáré tán, àwọn kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà máa ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2018, John Campbell àti James Turner ti Yunifásítì Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ò kú. Wọ́n kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìfun àti ibòmíì, bí ọlọ́pàá tó kúrò ní àgọ́ lọ ṣọ́ títì. Wọ́n ní tí èèyàn bá ṣàìsàn lẹ́yìn ìdíje, ká wo èrò tó fara kan ara wọn níbẹ̀, ká wo ìrìn àjò, àìsùn, àìfọkànbalẹ̀ àti oúnjẹ tí kò tó. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ẹ wo ọjọ́ ìdíje l'Ékòó: èèyàn á jí ní aago méjì òru kó lè tètè dé Súrùlérè, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ sùn lánàá rẹ̀ nítorí ìdùnnú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015 fi kòkòrò ọ̀fìnkìn sí 164 èèyàn nímú. Àwọn tí kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà lóru kó ọ̀fìnkìn náà ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, tí a bá fi wọ́n wé àwọn tó ń sùn ju wákàtí méje lọ. Èyí ò ní eré nínú rárá.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Bí a bá ń sáré fún àkókò gígùn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ara á máa tú cortisol àti adrenaline jáde, àwọn èròjà tí ara fi ń kojú wàhálà. Iṣẹ́ wọn ni láti wá agbára níbikíbi tí wọ́n bá ti lè rí i, títí kan inú iṣan wa. Bí cortisol bá pọ̀ jù, ó máa ń dẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà wa lọ́wọ́. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà: ẹni tó bá ń jẹ gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ onístáàṣì tàbí ṣúgà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó fi ń sáré, cortisol rẹ̀ kì í ga bíi ti ẹni tó ń mu omi nìkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Kò gba owó rẹpẹtẹ, kò dẹ̀ ní ká ra nǹkan olóòyìnbó inú ọ̀rá.

Ìfun ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ la ti máa ń fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà ń gbé. Bí eré bá le, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò nínú ìfun lọ sí ẹsẹ̀, kó lè ṣiṣẹ́, àti sí awọ ara, kí òógùn lè jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ìfun lè fi 80% dín kù. Awọ tín-ín-rín tó tẹ́ inú ìfun kò ní rí afẹ́fẹ́ tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, àwọn ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti so kọ́ra á ṣí díẹ̀díẹ̀, èérún bakitéríà á sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á gbà pé ogun ti dé. Ibẹ̀ ni èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tí ń lé èèyàn wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń wá. Ó máa ń le sí i tí eré bá ti kọjá wákàtí méjì, pàápàá bí oòrùn bá mú tí omi ara sì ti gbẹ. Àwọn ará Kenya tó ń gba ipò kìíní ti parí tiwọn ní wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Àwa tó kù ṣì wà lójú títì fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, nínú oòrùn Èkó. Ìfun tiwa ló ń jìyà pẹ́ jù, síbẹ̀ àwa la tún ń fi ikùn òfìfo lọ.

Ibi tí mo ti le jù lọ ni ti oògùn ìrora. Mo ti rí àwọn tó ń gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì ní ìdí ìlà tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, kí orúnkún má bàa dùn wọ́n lọ́nà. Nieman kan náà yẹ àwọn tó sá Western States wò, eré kìlómítà 160 ní California. Àwọn tó lo ibuprofen, ìrora iṣan wọn kò dín ju ti àwọn tí kò lò ó. Ohun tó pọ̀ lára wọn ni oró bakitéríà tó jò láti inú ìfun sínú ẹ̀jẹ̀, àti wíwú inú ara. Kí la wá jẹ níbẹ̀? Oògùn yẹn ń ba ìfun jẹ́, ó ń ni kíndìnrín lára lásìkò tí omi ara ti dín kù, ìrora tí a sì tìtorí rẹ̀ lò ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí orúnkún bá ń dùn yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sá ti ọjọ́ náà.

Flagyl náà ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, Flagyl kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Àwọn bakitéríà rere inú ìfun ló ń pa lásán. A wá lọ pa wọ́n lẹ́yìn eré, nígbà tí ìfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú àtibọ̀sípò.

Àwọn bakitéríà yẹn ò sì ṣeé fojú kéré. Ní 2014, àwọn ará Ireland yẹ ìfun 40 agbábọ́ọ̀lù rugby wò, wọ́n sì rí i pé oríṣiríṣi bakitéríà ló kún inú wọn ju ti àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeré ìdárayá lọ. Àmọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń jẹ ẹran, ẹyin àti àwọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí náà kò yé wa bóyá eré ni tàbí oúnjẹ. Bóyá méjèèjì ni. Ní 2019, wọ́n rí bakitéríà kan tó ń jẹ́ Veillonella tó pọ̀ sí i nínú ìfun àwọn tó sá marathon Boston. Wọ́n fi í sínú eku, eku sì sáré pẹ́ sí i pẹ̀lú 13%. Àwa kì í ṣe eku, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí ta oògùn kankan fún yín.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé ògì kún fún bakitéríà rere. Òótọ́ ni nígbà tó bá ṣì wà nínú omi rẹ̀. Bí a bá ti da omi gbígbóná lé e lórí, wọ́n ti kú nìyẹn. Síbẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀kọ mímu fún òwúrọ̀ ọjọ́ eré nítorí ìdí mìíràn: kò ní háhá púpọ̀, ó ń tètè dà, kì í dúró pẹ́ nínú. Ẹ̀wà, ewédú, gbọ̀ọ̀rọ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni oúnjẹ bakitéríà rere, ọjọ́ tí kì í ṣe ti eré gígùn ló yẹ ká máa jẹ wọ́n dáadáa. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà yó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje á ròyìn. Bákan náà, kì í ṣe ọjọ́ ìdíje ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ máa jẹun lórí eré. Ìfun ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ìwádìí kan láti Ọsirélíà fi hàn pé ẹni tó bá ń jẹun lórí eré fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ á túbọ̀ gbà á. Ẹ máa fi eré Sátidé dánra wò.

Ní báyìí, ti àìrówó. Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, a lè yàn án. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ kò lè yàn án. Púpọ̀ nínú wọn ò jẹ nǹkan kan wá, wọ́n á sá eré wákàtí méjì, wọ́n á tún gba ibẹ̀ lọ sí iléèwé. Tí wọ́n bá ń ṣàìsàn léraléra, kóòṣì á ní wọn ò lágbára. Àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré ńkọ́, tí nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró? Ní 2014, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé kìlọ̀ nípa rẹ̀: bí oúnjẹ kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, egungun, nǹkan oṣù àti agbára láti bá àrùn jà ló ń fara gbá a. Kóòṣì tó bá gbọ́ pé nǹkan oṣù ọmọ òun ti dáwọ́ dúró, tó sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀ torí kò ní dí i lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ń ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, tí ẹ ń gba owó aṣọ bọ́ọ̀lù àti owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òbí, ẹ yọ oúnjẹ níbẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó wọ pápá. Bí wọ́n bá ti jáde, àkàrà tàbí ẹyin pẹ̀lú búrẹ́dì, àti omi mímọ́ tó tó wọn mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí.