Ẹ Fa Ìlérí 2030 Yẹn Sẹ́yìn Ná

Ní 2016, olóògbé Ogbonnaya Onu, tó jẹ́ mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, sọ pé ọmọ Nàìjíríà kan máa dé gbalasa òfuurufú kó tó di 2030. Ẹni tó bá ń gba Lugbe lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Abuja mọ ibi tí NASRDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfuurufú, wà. Wọn ò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn. Ohun tí wọ́n ní ni àdéhùn tí wọ́n bá SERA, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 2024, pé ọmọ wa kan máa wọ New Shepard, ọkọ̀ òfuurufú iléeṣẹ́ Blue Origin ní Amẹ́ríkà. Bí ìṣẹ́jú 11 ni ọkọ̀ yẹn fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Inú wa á dùn sí ẹni tó bá rí i wọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Kí ìjọba má pè é ní ìmúṣẹ ìlérí.

Àwọn tó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn pàápàá, ojú wọn ń rí i. Ní 2004, Ààrẹ Bush ní Amẹ́ríkà máa padà sórí òṣùpá kó tó di 2020. Nígbà tó fi máa di 2010, Obama ti ní kí wọ́n pa ètò náà tì. Íńdíà ṣèlérí ní 2018 pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn máa gbé ọmọ wọn gòkè ní 2022. Ọdún náà dé, ó kọjá. Ṣáínà ló ṣe é: wọ́n fọwọ́ sí ètò náà ní 1992, ọmọ wọn Yang Liwei gòkè ní 2003. Ìjọba tó ń wọlé ò da iṣẹ́ èyí tó ń lọ nù.

Níbí ńkọ́? NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì wa tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, gòkè ní 2003. Ní 2011, NigeriaSat-X, tí àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà tò pọ̀ nílùú ọba, bá NigeriaSat-2 gòkè. NigeriaSat-2 ti lò kọjá iye ọdún tí wọ́n ṣe é fún. Ọdún 15 ni wọ́n dá fún NigComSat-1R, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ wa tó gòkè ní oṣù Kejìlá 2011; ìparí 2026 ló pé. Èyí tó máa rọ́pò wọn ló yẹ kí owó lọ fún.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau ya, omi gba Maiduguri. Ní oṣù Karùn-ún 2025, àgbàrá òjò ya wọ Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, níbi táwọn oníṣòwò wa láti gúúsù ti ń ra oúnjẹ. Sátẹ́láìtì ò lè dá òjò dúró, àmọ́ àwòrán tuntun láti òkè á fi hàn bí omi ìsédò ṣe ń kún, àti àwọn tó kọ́lé sójú ọ̀nà àgbàrá.

Àwọn kan á ní orí àwọn ọmọ iléèwé á wú tí ọmọ wa bá gòkè. Òótọ́ ni. Ọmọ tórí ẹ̀ wú, tó wá kàwé ẹnjiníà jáde ní Zaria, níbo ló máa ti rí sátẹ́láìtì tò?

Kí NASRDA jáde sọ ọ́ gbangba pé 2030 ò ṣeé ṣe pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa. Kí àwọn aṣòfin fi owó sátẹ́láìtì tuntun sínú ìsúná, kí wọ́n sì béèrè lóṣooṣù bóyá ó jáde. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fún wa níjókòó lọ́fẹ̀ẹ́, ká gbà á. Kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ kúrò nínú owó sátẹ́láìtì.