Kílò tí wọ́n kọ sára síláìdì omi kì í ṣe torí kó má baà wó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Ìlọrin nígbàkigbà tí àwọn èèyàn bá kó ọmọ lọ síbi tí síláìdì omi wà, yálà ní òtẹ́ẹ̀lì tó ní odò ìwẹ̀ níbí, tàbí ní Agodi Gardens ní Ìbàdàn fún àwọn tó bá lè rìn jìnnà. Wọ́n á wo pátákó tó sọ pé ẹni tó bá ju kílò báyìí lọ ò gbọdọ̀ gùn ún, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Oròbó ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má baà wó." Lẹ́pa tó wà níbẹ̀ á gbà pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun. Ìyá ọlọ́mọ á ní ọmọ òun kò wúwo, kí ló fẹ́ ṣe é? Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ọmọdé ló sì ń fi sínú ewu jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti wíwó. Fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ síláìdì omi, wọ́n á gbé e ka orí òpó irin. Kí èèyàn tó débẹ̀ rárá ni omi ti ń ṣàn nínú rẹ̀, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ti ka ìwúwo omi yẹn mọ́ ọn, ó ti ka ti àwọn èèyàn mọ́ ọn, ó sì ti fi àfikún agbára lé e. Kì í ṣe èèyàn kan ṣoṣo tó wọn kílò 120 ni yóò wó síláìdì tí wọ́n ṣe dáadáa.

Èyí tó já ní Concord, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹnì kan tó sanra ló já a. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 1997, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó ń ṣàjọyọ̀ ìparí ẹ̀kọ́ wọn ya wọ inú síláìdì kan pa pọ̀, wọ́n sì fi ara wọn dí i. Apá kan rẹ̀ já, àwọn ọmọ náà já bọ́ láti òkè. Ọmọbìnrin kan kú, àwọn 32 fara pa. Òfin tí wọ́n rú níbẹ̀ ni èyí tí àwa náà ń rú lójoojúmọ́, pé ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni wọ́n ń gùn ún. Àwọn ọ̀dọ́ wa á di ara wọn ní ìbàdí mú, mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n á máa kọrin bọ̀ wálẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì máa ya fọ́tò.

Kí wá ni kílò yẹn wà fún? Eré sísá ni. Bí ara ṣe ń sáré bọ̀, ibi tí yóò gbà níbi tí ọ̀nà bá ti yà, àti ibi tí yóò ti dúró.

Bí ohunkóhun ò bá dí ara lọ́wọ́, ẹni tó bá yọ̀ wálẹ̀ láti ibi tó ga ní mítà 10 á débi ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ì báà wọn kílò 40, ì báà wọn 140. Ṣùgbọ́n lórí síláìdì, fáíbà ń fa ara, omi ń fa aṣọ, atẹ́gùn náà ń tì í sẹ́yìn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń dá ẹni tí kò wúwo dúró ju ẹni tó wúwo lọ, bí ìyẹ́ adìẹ ṣe máa ń rọra bọ̀ nígbà tí òkúta ti balẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wúwo fi sábà máa ń sáré jù lórí síláìdì kan náà.

Eré yẹn ló ń gbé ara gun ẹ̀gbẹ́ síláìdì níbi tó bá ti yà. Ẹni tó ṣe é ti ṣírò bí ẹ̀gbẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Ẹni tó bá kọjá kílò tó fi ṣírò lè gùn ju ibi tó fojú sí lọ. Nígbà tó bá sì dé ìsàlẹ̀, ẹni kílò 100 gbé agbára tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni kílò 50 dání, bí eré wọn tilẹ̀ dọ́gba, omi nìkan ló sì wà níbẹ̀ tí yóò gba agbára yẹn kó tó kan ògiri. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan wá jù nílé. Mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kọjú síláìdì sí odò ìwẹ̀ kékeré, tí ògiri òdìkejì kò ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré gan-an níbi tí ẹni tó ń bọ̀ yóò balẹ̀ sí. Àgbàlagbà tó bá fi gbogbo ara kọlu ọmọ níbẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ léegun, síláìdì náà á sì wà lórí ìdúró rẹ̀ gbọn-in.

Ẹni tí kò wúwo ńkọ́? Torí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ tí kò wúwo tó lè dúró láàárín ọ̀nà, ní ibi tí ẹni tó wà lókè kò ti lè rí i. Aṣọ tún ń dá kún un. Ìlọrin la wà. Àwọn ọmọbìnrin wa máa ń wọ híjáàbù àti jálàbíà wọ omi, aṣọ fífẹ̀ á mu omi yó, á di ara mú. Aṣọ ìwẹ̀ wà tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin Mùsùlùmí, ó bo orí, ó bo apá, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, kì í sì í mu omi yó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ìyẹn fún wọn. Bí ọmọ bá ti dúró sáàárín ọ̀nà, ẹni tó tẹ̀ lé e ń bọ̀ lórí rẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Pọ́ǹpù á kú, omi á gbẹ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ọmọ tó wà lójú ọ̀nà á máa fi awọ ara họ fáíbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbéra lókè títí omi yóò fi padà kún bó ṣe yẹ.

Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ọkọ̀ rọ́bà tí ẹni méjì mẹ́ta ń jókòó sí, àpapọ̀ wọn ni pátákó máa ń bá wí, ó sì lè sọ ìwọ̀n tó kéré jù pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ṣí irú rẹ̀ kan ní Kansas City ní Amẹ́ríkà ní 2014, wọ́n pè é ní Verrückt. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 51, òun ló ga jù láyé nígbà náà. Ẹni mẹ́ta ló ń wọ ọkọ̀ kan, àpapọ̀ wọn ò gbọdọ̀ dín sí pọ́ùn 400, kò sì gbọdọ̀ ju 550 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 181 sí 250. Ọkọ̀ á já ṣòòròṣò wálẹ̀, á tún gun òkè kejì kó tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ láti fi dán an wò, àwọn kan sì fò kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi irin àti àwọ̀n bo òkè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2016, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 jókòó síwájú ọkọ̀ kan, obìnrin méjì tó ti dàgbà sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà wọn nǹkan bíi kílò 33. Àpapọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó nǹkan bíi kílò 247, kò kọjá òfin. Ọkọ̀ náà fò lórí òkè kejì yẹn, ọmọ náà kọlu irin tó gbé àwọ̀n dúró, ó sì kú. Wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2018.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Síláìdì yẹn ò wó. Iye tó wà lórí pátákó ò kọjá. Síláìdì náà fúnra rẹ̀ ní àléébù láti ìpìlẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ fúyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo, ẹni tó fúyẹ́ jù nínú wọn ló sì kú. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ̀yin àtọmọ yín pààrọ̀ ìjókòó nínú ọkọ̀ rọ́bà, ẹ má bá a jiyàn.

Mo rí àríyànjiyàn irú rẹ̀ kan nígbà ìtúnu ààwẹ̀ ní ìlú wa níbí. Àlàájà kan gbé ọmọ tí kò lè ju ọdún méjì lọ lé itan, ó ti jókòó sẹ́nu síláìdì. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ òkè na ọwọ́ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àlàájà, ẹ má bínú, a kì í gbé ọmọ lé itan gùn ún." Àlàájà ní, "Ọmọ mi, mo dì í mú dáadáa o, ṣé o ò rí i ni?" Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ó ń ṣe bí ọ̀gá. Ó sáà ń bẹ̀ wọ́n, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Inú mi dùn sí ọmọ náà gan-an.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọmọ tó bá dá yọ̀ wálẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́ ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ tí kò wúwo á dúró. Bó bá wà lórí itan ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ á kọ́, ìyá á ṣì máa lọ pẹ̀lú gbogbo kílò rẹ̀, eegun ojúgun ọmọ á lọ́, á ṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 2002 sí 2015, ìṣirò àwọn dókítà ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 tó fara pa lórí síláìdì lé ní 350,000. Síláìdì pápá ìṣeré lásán nìyẹn o, tí kò sí omi níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣíṣẹ́ wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, jíjókòó sórí itan àgbà sì ń dá kún un.

Ibì kan wà tí ìgbàgbọ́ yẹn fẹ́ẹ̀ jóòótọ́: bouncing castle àti síláìdì onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nílé àríyá ọmọdé. Ìyẹn lè ya, ó lè rọ̀ lábẹ́ àgbàlagbà. Níbẹ̀ náà, bí àgbàlagbà bá fò sí i, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa fò jáde.

Ẹ má sì gbé iye tí ẹ rí níbì kan lọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà fi í sí nǹkan bíi kílò 136 fún ẹnì kan, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ọmọ ga tó sẹ̀ǹtímítà 122 fún àwọn síláìdì tó ga. Síláìdì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ibi ìgbafẹ́ ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ béèrè ìwé síláìdì yín lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ fi Yorùbá kọ iye tó wà níbẹ̀ sídìí àtẹ̀gùn. Ẹ fi ẹnì kan sókè, ẹ fi ẹnì kan sísàlẹ̀, kí ti òkè má rán ẹnikẹ́ni wálẹ̀ títí ti ìsàlẹ̀ yóò fi na ọwọ́ sí i. Kí ẹ sì ra ẹ̀rọ ìwọ̀n kan, kí ẹ gbé e sẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí ẹni tó sanra ti lè wọn ara rẹ̀ láìsí pé gbogbo èrò ń wò ó.