Ìràwọ̀ Márùn-ún, Fìlà Mẹ́rin

Ìparí oṣù Kẹjọ ni bọ́ọ̀lù yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń ya lu ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ojúlówó aláìsàn, ẹ má wá a lọ sí pápá. Ẹ dúró di Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Láti 2024, ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ girama ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ̀wé pé yunifásítì báyìí làwọn ń lọ. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ti pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé inú ń run òun. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ẹnì kan ló kú, nítorí ó jókòó ti fóònù, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mi ẹsẹ̀. Ẹnì kankan ò kú o. Ọmọ ọdún 17 kan ní Georgia, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ni kò tíì mú fìlà yunifásítì tó fẹ́ lọ.

Àìsàn yìí, ìyẹn ṣíṣọ́ ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ fáàsì ni wọ́n fi ń fi ìwé yẹn ránṣẹ́, àwọn yunifásítì kan gbé kámẹ́rà síwájú ẹ̀rọ náà, àwọn àgbà sì jókòó sídìí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wo fáàsì. Fáàsì jókòó, àwọn náà jókòó.

Ti fìlà ló gbòde báyìí. Wọ́n á tẹ́ tábìlì sínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́, fìlà yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wà lórí rẹ̀, ìyá ọmọ lápá ọ̀tún, kámẹ́rà níwájú. Ọmọ á na ọwọ́ sí ọ̀kan, á fà á padà, á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti dé ibi ìdána rí mọ eré yìí: alága á ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú jù nínú ẹrù, gbogbo ayé sì mọ̀ pé Bíbélì tàbí Kùránì tí wọ́n so òrùka mọ́ ni yóò gbé. Àmọ́ ìyàwó tiwa kì í gbé ẹrù ilé ẹlòmíràn. Ní oṣù Kejìlá 2021, Travis Hunter, ọmọ tí wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tó ti ṣèlérí fún Florida State láti 2020, dìde lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé, ó ní Jackson State lòun ń lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin ṣọ̀fọ̀ ní Tallahassee, ìlú Florida State.

Bó bá wù yín láti wọ ẹgbẹ́ yìí, ìràwọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi 247Sports àti Rivals ló ń pín in: márùn-ún fún àwọn àyànfẹ́, mẹ́rin fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn, mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ èrò. Ní 247Sports, nǹkan bí ọmọ 32 ló ń gba márùn-ún lọ́dún, nítorí pé 32 náà ni àyè tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a gbowó, bá ń yan ọmọ. Lẹ́yìn ìràwọ̀ ni máàkì. Ẹ ó gbọ́ pé ọmọ kan jẹ́ 0.9834, èkejì 0.9829. Ẹni tí kò rántí ọjọ́ ìbí ìyá ìyàwó rẹ̀ á máa jà títí ilẹ̀ á fi mọ́ nítorí ìdá márùn-ún nínú ẹgbàárùn-ún.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ bàálù pẹ̀lú. Ẹ wá nọ́ńbà ìrù bàálù tí kóòṣì máa ń wọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí FlightAware, ìkànnì tó ń fi ìrìn bàálù hàn, ẹ wo ibi tó bà sí. Bó bá bà sítòsí ilé quarterback kan, ìyẹn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, ẹ kéde pé ọmọ ti wọlé. Ó lè jẹ́ pé olówó tó ni bàálù ló lọ wo eyín.

Èdè wọn náà ṣe pàtàkì. Ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ yín, ìwà ọmọlúàbí kóòṣì yín ló fà á. Ọmọ tó bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá, owó ni wọ́n fi rà á. Ọmọ tó bá ṣèlérí fún yín tó wá yí padà, ẹ kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò dára, ìyá rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ẹ ṣáà má lọ kọ èyí ránṣẹ́ sí ọmọ fúnra rẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ òfin ní yunifásítì ń pariwo lọ́dọọdún pé kí àwọn olólùfẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú: òwe yìí ni wọ́n ń sìn láìmọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹnu ṣámúṣámú. Fídíò ìṣẹ́jú mélòó kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ gé, ibi tó ti ṣe dáadáa nìkan ló wà níbẹ̀. Aago tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀: ẹni tó dì í mú máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó sáré yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.6 á di 4.4. Gíga ọmọ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́rin lórí ìwé, tépù á yọ ínǹṣì méjì nínú rẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé bí yunifásítì Georgia tàbí Alabama bá ti nawọ́ sí ọmọ, ìràwọ̀ rẹ̀ máa ń gòkè. Àwọn olólùfẹ́ Georgia á wá máa yangàn pé ọmọ oníràwọ̀ ni kóòṣì àwọn ń mú.

Ìdí nìyí tí wọn kò fi rí Cam Ward. Ẹgbẹ́ girama rẹ̀ ní Texas kì í ju bọ́ọ̀lù, gbígbé sáré ni wọ́n mọ̀, ta ló máa wá rí apá rẹ̀? Incarnate Word, yunifásítì kékeré ní San Antonio, ló mú un, láìní ìràwọ̀ kan. Ní 2025, òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní NFL. Ẹ tún wo àwọn ọmọ Adebawore láti Kansas City, orúkọ tí àwọn asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń pè lónírúurú ọ̀nà, tí kò sí èyí tó jọ ti ilé. Nígbà tí Adepoju, tó jẹ́ àbúrò, fi ìràwọ̀ márùn-ún wọ Oklahoma ní 2023, ariwo sọ. Nígbà tí Adetomiwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ Northwestern pẹ̀lú mẹ́ta, ta ló bú sẹ́kún? Ní 2023 kan náà, Adetomiwa tó wọn pọ́ún 282 sáré yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49 lójú gbogbo NFL.

Síbẹ̀, ìràwọ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ife, bí Alabama, Georgia àti Ohio State, ju ìdajì ọmọ wọn lọ ló jẹ́ oníràwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó ń sọ òótọ́ nípa èrò. Nípa ọmọ kan ṣoṣo, àbá ni. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn gan-an sì ni àwọn èèyàn wa ń tìtorí rẹ̀ purọ́ inú rírun.

Ti pé kóòṣì mọ èrò kó jọ kò ní kó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2022, kíláàsì, ìyẹn àpapọ̀ ọmọ tuntun, ti yunifásítì Texas A&M gba ipò kìíní, máàkì rẹ̀ sì ga ju gbogbo èyí tí 247Sports ti ṣírò títí di ìgbà náà. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, Appalachian State wá bá wọn nílé, ó sì lù wọ́n ní 17 sí 14. Eré márùn-ún ni wọ́n borí lọ́dún náà, wọ́n pàdánù méje. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n lé kóòṣì Jimbo Fisher, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là kó lè jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti gba ẹnu transfer portal, ìwé orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì, jáde, nítorí láti 2021 ọmọ lè kúrò ní yunifásítì kan kó sì gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi olólùfẹ́ wọn, yóò sọ fún yín pé kíláàsì yẹn dára, eré bọ́ọ̀lù gan-an ló bà á jẹ́.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má wẹ̀yìn wò. Bí ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ kan bá bi yín lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pé ọmọ 0.9834 dà, ẹ bi í pé ṣé kò tíì rí fídíò ọmọ kíláàsì kẹjọ kan ní Texas ni, tí apá rẹ̀ dára báyìí.