Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ló ń gbé

Àwọn àgbà ló ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ló ń gbé. Ẹ wo ajá tó sùn fọnfọn, ẹsẹ̀ á máa ta, ètè á máa gbọ̀n, á tiẹ̀ gbó díẹ̀ nígbà míì, ẹ ò mọ ohun tó ń lé, ẹ ò mọ ohun tó ń lé e, tó bá jí á gbọnra nù, ó parí. Àwa èèyàn la lẹ́nu, ojú wa ò sì tíì dá tán táa ti ń wá ẹni tó máa bá wa túmọ̀ tiwa.

Mo gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ń fi àlá báni sọ̀rọ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló tọ̀run wá. Oníwàásù 5:3 ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń mú àlá wá, hadíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànọ́bì Mùhámmádù, náà pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tó wá látọ̀dọ̀ Ọlọ́run, èyí tí Ṣàítáánì fi ń bani nínú jẹ́, àti èyí tó jẹ́ pé ọkàn ẹni ló ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta yìí pọ̀ o! Ibà lè fà á, gbèsè lè fà á, òkú tẹ́ẹ ò tíì sunkún ẹ̀ tó náà lè fà á. Kódà kẹ́ẹ jí kẹ́ẹ má lè gbápá gbẹ́sẹ̀, ẹ má tíì dárúkọ àjẹ́, ara èèyàn máa ń kú típiri nígbà tó bá ń lálàá kó má bàa dìde sáré, ọpọlọ lè jí ṣáájú ara.

Ẹ wá wo Jósẹ́fù. Ó rọ́ àlá ẹ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wọ́n tà á lẹ́rú. Nígbà tí Fáráò wá lá tiẹ̀, màlúù méje tó sanra, méje tó rù hangogo, Jósẹ́fù ò sọ fún un pé lágbájá lọ̀tá ẹ, ohun tó sọ ni pé kí wọ́n tọ́jú ìdá kan nínú márùn-ún irè oko fọ́dún méje. Iṣẹ́ ló gbé lé e lọ́wọ́. Ìtumọ̀ tó bá jẹ́ pé ẹni tí màá kórìíra nìkan ló fi hàn mí, mi ò gbà á. Mo mọ ìyá kan tó lálàá pé àbúrò òun ń fọ̀bẹ lé òun, àwọn tó bá a túmọ̀ ẹ̀ ní ọ̀tá ilé ni, òun àti àbúrò ẹ̀ ò kíra wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ìjà ogún ti wà láàárín wọn kó tó sùn, ìjà yẹn ló yẹ kí wọ́n parí.

Tẹ́ẹ bá jí, kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ rọ́ ọ fún ara yín ná torí àlá tètè ń sá lọ. Ẹ wo bó ṣe rí lára yín, ìbẹ̀rù ni àbí ìtìjú, ẹ fi gbàdúrà. Tó bá kan ẹlòmíì, ẹ pè é kẹ́ẹ bi í ṣé àlàáfíà ni, ẹ má rọ́ ọ fún un. Èyí tó bá ń pààrà yín, ẹ mú un lọ bá ẹnì kan ṣoṣo tó lè pa àṣírí mọ́, tí ò ní gbowó kó tó sọ̀rọ̀.