Àgbà Tó Ṣubú Tí Kò Wo Ẹ̀yìn

Ìròyìn kan náà là ń gbọ́ lemọ́lemọ́: aláìsàn kú nítorí pé wọ́n gún un ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn alákòóso ilé ìwòsàn ti gbé ìwé jáde pé àwọn ti lé nọ́ọ̀sì tó gún un. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ìgò oògùn méjì tó jọra bí ìbejì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ, wọ́n ń dúró de nọ́ọ̀sì mìíràn.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tó máa gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ilé ìwòsàn tó lé òṣìṣẹ́ kó tó wádìí, ìwà ọmọdé ló hù, bó ti wù kí ilé rẹ̀ ga tó.

Kí ló wà lẹ́yìn tó yẹ ká wò? Ẹ jẹ́ ká mú insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Dókítà fẹ́ kọ yúnìtì 10, ó gé yúnìtì kúrú sí lẹ́tà U, ó kọ ọ́ mọ́ nọ́ńbà. Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, U yẹn di òdo lójú ẹni tó ń kà á, 10 di 100. Tàbí kí sìrínjì insulin tán ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi sìrínjì lásán fà á. Yúnìtì 100 ló wà nínú mìlílítà kan, nítorí náà yúnìtì 10 kò ju ìdámẹ́wàá mìlílítà lọ, ìlà tín-ínrín kan péré lára sìrínjì. Ẹni tó bá fà á dé mìlílítà kan ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á sì já wálẹ̀ títí yóò fi dákú. Ta ló jẹ̀bi? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ bi ara yín: bí a bá gbé nọ́ọ̀sì mìíràn tó mọṣẹ́ bíi tirẹ̀ síbẹ̀ lóru yẹn, pẹ̀lú ìwé yẹn àti sìrínjì yẹn, ṣé kò ní ṣe ohun kan náà? Bó bá lè ṣe é, ibi iṣẹ́ ló yẹ ká tọ́jú.

N kò sọ pé ká má bá ẹnikẹ́ni wí o. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ṣì, ìtùnú ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń gé ọ̀nà kúrú nítorí pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń gé e, ẹ pè é jókòó, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, kí ẹ sì wádìí ohun tó sọ ọ̀nà tààrà di ìnira. Ẹni tó mọ ewu, tó rí i kedere, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ni ìyà tọ́ sí, kódà bí nǹkan kan ò ṣe aláìsàn. Dókítà àgbà tí kì í fọwọ́, tẹ́nikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ti nọ́ọ̀sì tó ṣi U kà lọ.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2017, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan fẹ́ mú Versed, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ̀ǹpútà. Ó tẹ VE, kò rí i, nítorí pé midazolam ni ẹ̀rọ náà ń pè é. Ó fo ìdènà ẹ̀rọ, vecuronium ló sì mú, oògùn tó ń rọ iṣan débi téèyàn ò ní lè mí mọ́. Aláìsàn náà kú. Ìkìlọ̀ wà lórí ìdérí ìgò, kò kà á. N kò dá a láre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ kíákíá, ó sì ṣàlàyé pé fífo ìdènà ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ọ̀daràn, wọn kò jù ú sẹ́wọ̀n, àmọ́ wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta. Kí ni nọ́ọ̀sì tó kù máa rí kọ́ níbẹ̀ ju kó pa ẹnu mọ́ lọ?

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè yẹn ni oògùn tí wọ́n ti fà sínú sìrínjì kí wọ́n tó rí i pé ti aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kejì ni. Kò pa ẹnikẹ́ni lónìí, àmọ́ ó ti fi ojú ọ̀nà hàn. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà ti mọ èyí láti 1976: ẹni tó bá ròyìn àṣìṣe tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún NASA, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí òfurufú, láàárín ọjọ́ 10, wọn kì í fìyà jẹ ẹ́, àfi bó bá jẹ́ jàǹbá tàbí ìwà ọ̀daràn.

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ tọ́jú aláìsàn, kí ẹ sọ òótọ́ fún ẹbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má da ìgò, sìrínjì àti okùn omi nù. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un ní oògùn sí ẹ̀gbẹ́ kan láì fọwọ́ kan bí wọ́n ṣe tò ó. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí wọ́n tó relé, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí ẹ tún ṣe fún wọn, nítorí ẹni tó ròyìn lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ kò dá lóhùn kò ní ròyìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ tún ń pe ìbuwọ́lùwé ẹnì kejì ní àyẹ̀wò! Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ṣírò oògùn fúnra rẹ̀ láì rí ìdáhùn ẹni àkọ́kọ́. Ìgò potassium chloride tí wọn ò tíì bu omi là, tó lè dá ọkàn dúró, ní àwọn wọ́ọ̀dù kan inú àpótí kan náà ló wà pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́. Ta ló gbà kó wà níbẹ̀? Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ kó o padà sí famasí lónìí, èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀ ni kó máa wá sí wọ́ọ̀dù.