Ọ̀pọ̀lọ́ àtijọ́ ní ìrù

"Tíṣà, bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀pọ̀lọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ló ṣe wà títí dòní. Kò yí padà rí." Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ìsọ̀ oníyán kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo àwọn tó jókòó sì ń mi orí sí i. Mo kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí àgbà ni wọ́n, iyán mi sì ń tutù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo gbọ́ ọ láàárín oṣù kan. Ó sú mi.

Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ti yí padà, eegun rẹ̀ ló sì ń jẹ́rìí. (Bí mo bá pe ọ̀pọ̀lọ́, mo pe àkèré àti kọ̀ǹkọ̀ mọ́ ọn, ìdílé kan ni wọ́n.)

Ní àríwá Madagásíkà ni wọ́n ti rí òkúta kan tí òǹtẹ̀ eegun ẹranko kékeré kan wà nínú rẹ̀. Jean Piveteau, onímọ̀ ará Faransé, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1936. Triadobatrachus ni wọ́n ń pe ẹranko náà, ó sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 ọdún. Ẹ fi ọwọ́ bo ara rẹ̀, kí ẹ wo orí nìkan: ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, orí ọ̀pọ̀lọ́ pọ́ńbélé. Ẹ wá ṣí ọwọ́. Oríkèé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó dé ìbàdí jẹ́ 14. Ti òde òní kì í ju 9 lọ. Eegun méjì tó wà ní ojúgun, tó ti lẹ̀ mọ́ra di ẹyọ kan lára ọ̀pọ̀lọ́ tiwa, dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gùn tó èyí tó lè fò. Ìrù sì ń bẹ nídìí rẹ̀.

Eegun ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń là á níwájú àwọn ọmọ iléèwé. Kódà bí wọ́n bá fi kọ̀ǹkọ̀ sínú ọbẹ̀ fún mi, mo máa ń ka eegun rẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́, ìyàwó mi á sì máa pòṣé. Ní ìdí rẹ̀, eegun gígùn kan ṣoṣo ni ẹ ó bá láàárín ìbàdí, bí igi ìṣáná. Eegun ìrù tó ti lẹ̀ pọ̀ ló di ìyẹn.

Nígbà tó di bíi mílíọ̀nù 190 ọdún sẹ́yìn, Prosalirus ti wà ní Arizona ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1995 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ gígùn, igi ìṣáná nídìí: ìyẹn ti ń fò. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, àbí? Ti Madagásíkà, ohun yòówù kó máa lé e, kò lè fò bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan níbẹ̀ sọ pé ìrù légbénlègbé ni mo rí. Légbénlègbé wo ló ní eegun apá àti ẹsẹ̀ tó gbó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní máàkì kan ṣá: légbénlègbé tí wọ́n rí ní Argentina, tó ti tó mílíọ̀nù 161 ọdún, jọ ti odò wa gan-an, àfi pé ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16. Àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí í ṣe bàbá ńlá ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí èyí tó ní kò yí padà nínú wọn.

Bàbá ní òun fi ọgbọ̀n ọdún fọ́ òkúta ní Ìkẹ́rẹ́, òun kò rí eegun ọ̀pọ̀lọ́ kankan. Báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Gírànáìtì ni òkúta ibí, irú tó wà ní òkè Olósunta. Ohun tó yọ́ bí irin nínú iná lábẹ́ ilẹ̀ ni, ó sì ti tutù di òkúta kí ọ̀pọ̀lọ́ kankan tó dé ayé. Inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí omi gbá jọ ni eegun ti ń di òkúta. Ẹ lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ ó rí ìkarahun ẹ̀dá inú òkun nínú òkúta ibẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí tán. Bàbá nu ọwọ́, wọ́n ní kí n gbé òkúta Madagásíkà náà wá, kí àwọn fọ́ ọ wò.